Nọ́ńbà tó wà lára páálí fóònù: ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Mo ra fóònù tuntun lóṣù tó kọjá. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé ojú rẹ̀ ń mọ́lẹ̀ tó 2,000 nits. Mo gbé e síta lọ́sàn-án gangan, n kò rí nǹkan kan kà. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, lọ́yà ni mí, mo máa ń gba ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ gbọ́.

Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ yẹn lè jẹ́ ti igun kékeré kan, fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Lórí fóònù OLED, bí gbogbo ojú rẹ̀ bá funfun, ìmọ́lẹ̀ á wálẹ̀, torí bátìrì àti ooru.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìlànà wà. Society for Information Display, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ojú fóònù àti tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kalifọ́níà lọ́dún 1962, gbé ìwé jáde lọ́dún 2012 lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa wọn ìmọ́lẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ ẹgbẹ́ kì í ṣe ilé ẹjọ́. Ẹni tó bá wù ló ń tẹ̀ lé e.

Àwa ní òfin tiwa. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 lòdì sí ìpolówó tó ń ṣini lọ́nà. Kí àjọ FCCPC pàṣẹ pé ẹni tó bá kọ nits gbọ́dọ̀ kọ bí apá tó wọ̀n ṣe tóbi tó. Ìlà kan péré ni lára páálí.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ gbé fóònù bọ́ sínú oòrùn kí ẹ tó sanwó.