Ológbò Tó Rọ Lẹ́sẹ̀ Kì í Ṣe Ohun Àgbésọnù

Olóòtú,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí a tètè fún ológbò tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti rọ ní abẹ́rẹ́ ikú, torí pé ìtọ̀ rẹ̀ á ba ilé jẹ́, kánjú jù. Tèmi tí ọ̀kadà kọlù ń fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ kiri ilé, ó sì ń jẹun dáadáa.

Ọ̀pọ̀ irú ológbò bẹ́ẹ̀ ni kò lè tọ̀ fúnra wọn. Àpò ìtọ̀ á kún, á wá máa kán sílẹ̀. Èèyàn ló máa ń fi ìka rọra tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ikùn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, títí yóò fi gbẹ. Kí dókítà ẹranko kọ́kọ́ kọ́ yín o, torí àtẹ̀jù lè bẹ́ ẹ. Ìtọ̀ tó bá ṣẹ́ kù sínú ló ń fa àrùn. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ la fi ń fọ ìdí rẹ̀, ká sì nù ún gbẹ kí awọ má baà bó. (Bí ara bá ń ro ó, ẹ má fún un ní parasitámọ́ọ̀ o! Májèlé ni fún ológbò.)

Bí ìrora bá pọ̀ tí kò gbóògùn, mo fara mọ́ abẹ́rẹ́ yẹn. Ti ìtọ̀ nìkan? Rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi dókítà ẹranko kí ẹ tó dájọ́ ikú.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.