Java, Unix àti Àmì Ohùn Yorùbá: Ojúṣe Olùkọ́ Èdè

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Òwe yìí bá àmì ohùn inú ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá mu. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ohùn àwọn àgbà Osi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, Ìpínlẹ̀ Kwara, sílẹ̀ láti ṣe àkọsílẹ̀ ẹ̀ka-èdè wọn, ibi tí yóò tọ́jú ọ̀rọ̀ náà sí ṣe pàtàkì bí ọ̀rọ̀ náà gan-an.

Ọ̀kan lára àwọn ètò tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ELAN, tí ilé ìwádìí Max Planck ní Nijmegen, orílẹ̀-èdè Netherlands, ṣe. Java ni wọ́n fi kọ ọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems gbé Java jáde ní 1995, ìlérí wọn ni pé ohun tí a bá kọ lẹ́ẹ̀kan yóò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ gbogbo. Ìdí nìyí tí ELAN fi ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, ètò ìdarí ẹ̀rọ tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991 ní àwòṣe Unix, tí a lè lò láìsan kọ́bọ̀.

Àwọn kan a máa sọ pé èdè Yorùbá ló nira fún ẹ̀rọ. Irọ́ gbáà ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Java ti ń lo Unicode, tó pèsè àyè fún lẹ́tà Yorùbá. Ṣùgbọ́n ṣáájú Java 18, bí ẹni tó kọ ètò kan kò bá dárúkọ ọ̀nà ìkọ̀wé fáìlì, ètò ìdarí ẹ̀rọ ni Java ń bi. Lórí Unix tí a fi ètò èdè rẹ̀ sílẹ̀ sí “C”, ábídí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni yóò mọ̀. “Ọkọ́” tí àgbẹ̀ fi ń ro oko yóò di “?k??”, “ọkọ̀” tí a ń wọ̀ lọ sí Ìlọrin yóò di “?k??” bákan náà. Ohùn ti fọ́, kò sì ṣe é kó jọ mọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Láti Java 18, tó jáde ní 2022, UTF-8 ni Java ń lò fún fáìlì láìbi ẹnikẹ́ni. Lórí èyí tó ṣáájú rẹ̀, kí a yan yo_NG.UTF-8 fún ẹ̀rọ, tàbí kí a fi -Dfile.encoding=UTF-8 ṣí ètò náà. Lórí Debian tàbí Ubuntu, Java tí orúkọ rẹ̀ parí sí “headless” kò lè ṣí fèrèsé lójú ẹ̀rọ. Odindi Java ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ ọkọ́ sí ọkọ̀ kò lè mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹ̀ka Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ fi í kún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ lọ́la. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi gbólóhùn kan tó ní àmì dán ètò wò: kí ó kọ ọ́, kí ó tì í, kí ó tún ṣí i, kí ó tó tẹ ọ̀rọ̀ àgbà kankan sínú rẹ̀. Àgbà tó sọ̀rọ̀ ní Osi lónìí lè má sí láyé mọ́ nígbà tí a bá padà lọ béèrè.