Ẹ Sanwó Fún Ẹni Tó Ń Wá Ibi Tó Ń Jò

Ní Fadikpe, lẹ́bàá Kpakungu ní ìlú Minna, ọkọ̀ tó bá ń dún ṣìì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kì í pẹ́ rí ẹni tí yóò sọ ohun tó ń ṣe é. "Rédíétọ̀ ni." "Gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ." Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti tú ẹ́ńjìnnì, ẹni tó ni ọkọ̀ á ti ra páàtì, ariwo ọ̀hún á sì tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á di ẹ̀bi ru mẹkáníìkì. Ní tèmi, àwa tí a ni ọkọ̀ ló jẹ̀bi jù. A máa ń sanwó páàtì, a máa ń sanwó iṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n a kì í fẹ́ san kọ́bọ̀ fún ẹni tó ń wá ibi tí nǹkan ti bàjẹ́.

Ariwo ṣìì kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́, omi gbígbóná tàbí èéfín ló ń gba ojú ihò tóóró kọjá, àtúnṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Ìdí nìyí tí ìbéèrè àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ jẹ́: ìgbà wo ló ń dún?

Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ pa ọkọ̀ ló ń dún, tí géèjì ooru ti gòkè, ó ṣeé ṣe kí omi rédíétọ̀ máa jò sórí irin gbígbóná. Ẹ má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ o! Ìdérí yẹn ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀ tí omi fi lè gbóná dé nǹkan bí 120°C láìhó. Bí ẹ bá ṣí i lójijì, omi á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì ru sí yín lójú. Ẹ dúró títí ọwọ́ á fi lè dì í mú láìjó.

Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ dúró sójú kan, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tó ń dún tó sì ń gbọ̀n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń gba ẹ̀bùrú wọlé. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ń wo bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó kó tó wọn epo sí i. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ara họ́ọ̀sì tó ya wọlé máa ń da ìṣirò yẹn rú, epo á sì máa ṣòfò. Láti 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Bola Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, ta ló ní epo tí yóò fi ṣòfò?

Bó bá ń dún nígbà tí ẹ tẹ búrékì, tí búrékì sì le lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ má gbé ọkọ̀ náà sójú ọ̀nà Bida rárá. Ẹ̀rọ tó ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ láti tẹ búrékì lè ti máa jò, ẹ̀mí sì wà nínú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ òwúrọ̀ nìkan ló ń dún, tó ń lọ sílẹ̀ bí irin ṣe ń gbóná, ẹ wo ojú ibi tí èéfín ti ń jáde lára ẹ́ńjìnnì. Èéfín yẹn lè pa ènìyàn láìjẹ́ kó fura.

Ooru Minna kì í ran họ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, ooru ọ̀sán máa ń kọjá 36°C, ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Rọ́bà á le, á sán, pàápàá lára tòkunbọ̀ tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lókè òkun.

Wíwá ihò kò gba irinṣẹ́ olówó iyebíye. Kí mẹkáníìkì gbé ẹnu rọ́bà gígùn kan sétí, kó máa fi ẹnu kejì tọ ara àwọn họ́ọ̀sì, kó sì jìnnà sí fáànù àti bẹ́líìtì. Kó fọ́n omi ọṣẹ sí ibi tó fura sí: bí ìró bá yí padà, ọwọ́ ti bà á. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́n bẹntiróòlù síbẹ̀, ẹ dá a dúró, iná ló ń pè.

Ohun tó gbówó níbẹ̀ ni àkókò àti ìmọ̀, ìyẹn gan-an la ò fẹ́ san. Ní ilé ìwòsàn, a ń san owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí a tó ra oògùn. Mẹkáníìkì tí kò rí nǹkan kan gbà lórí wíwá, orí títa páàtì ni yóò ti jẹun, yóò sì máa pààrọ̀ títí yóò fi bọ́ sí i.

Àwọn kan á ní mẹkáníìkì yóò gbowó tán, kò sì ní rí nǹkan kan. Ẹ bá a ṣe àdéhùn: kó fi ihò náà hàn yín lójú ara yín kó tó gbowó, kó sì yọ owó wíwá kúrò nínú owó iṣẹ́ bó bá jẹ́ òun ló tún un ṣe. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì náà, ẹ kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ yín láti wá kí wọ́n tó tú. Nígbà mìíràn tí ọkọ̀ yín bá dún ṣìì, ẹ má bi mẹkáníìkì pé èló ni páàtì. Ẹ sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wá a, mo máa sanwó wíwá."