Lẹ́tà Gbangba Sáwọn Tó Ń Fọwọ́ Ara Wọn Kan Bàálù: Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀kùn

Lẹ́tà yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń kan bàálù nínú gáréèjì ilé wọn, àtàwọn iléeṣẹ́ tó ń ta èròjà rẹ̀ fún wọn. Òfin FAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn tó ń kàn án fọwọ́ ara wọn ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ, iṣẹ́ àṣelàágùn sì ni. Wọ́n ń fara balẹ̀ kan apá, wọ́n ń fara balẹ̀ kan ìrù. Bó bá wá ku ilẹ̀kùn, owó ti ń tán, ojú ti ń kán wọn láti fò, wọ́n á wá sáré kàn án bí ẹni pé ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Àṣà yìí léwu.

Tí bàálù bá wà lókè, síta ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń fa ilẹ̀kùn. Ní eré 100 knots nítòsí ilẹ̀, ipá afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ níwájú tó nǹkan bí 1,600 Newton lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Ká ní ìdá mẹ́rin rẹ̀ péré ló ń fa ilẹ̀kùn tó fẹ̀ tó 0.6 mítà onígun mẹ́rin, ipá yẹn á tó ìwúwo kílò 25, ìyẹn ìdajì àpò símẹ́ńtì. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ipá náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Síbẹ̀, àwọn kan ń fi ìkọ́ kan ṣoṣo di ilẹ̀kùn páànù mú láàárín, tí igun òkè àti tìsàlẹ̀ kò ní ohunkóhun tó dì wọ́n.

Ọ̀rọ̀ etí páànù ló burú jù. Ìlànà AC 43.13-1B tí FAA gbé jáde ní kí àárín ihò rífẹ́ẹ̀tì jìnnà sí etí páànù, ó kéré tán, ní ìlọ́po méjì ìbú rífẹ́ẹ̀tì náà. Fún rífẹ́ẹ̀tì 3.2 mílímítà, 6.4 mílímítà nìyẹn. Wọ́n á lu ihò náà bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn kò bá bá férémù mu, wọ́n á máa fi fáìlì ha etí rẹ̀ títí àlàfo á fi gún régé lójú. Ẹwà ti dé, àmọ́ rífẹ́ẹ̀tì ti bọ́ sí bèbè, ibẹ̀ ni páànù á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń fa ìlà sójú ibi tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ náà ń dá ọgbẹ́ tí páànù lè ti ibẹ̀ sán sára alumíníọ̀mù 2024-T3. Pẹ́ńsù gan-an kò dára, nítorí èédú inú rẹ̀ ń jẹ́ kí alumíníọ̀mù dípẹtà. Bírò onífọ́ọ̀mù ló yẹ.

Ẹ tún wo RV-10, bàálù ìjókòó mẹ́rin tó kọ́kọ́ fò ní 2003. Fáíbà ni ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ó ti já dànù lójú òfuurufú lára àwọn kan, iléeṣẹ́ tó ń ta èròjà rẹ̀ sì ní kí wọ́n fi ìkọ́ mìíràn kún un. Ó yẹ kí àwọn tó ń fi páànù ṣe tiwọn ti kọ́gbọ́n níbẹ̀. Àwọn kan á ní ilẹ̀kùn tó ṣí lójú òfuurufú kì í sábà gbé bàálù ṣubú. Òótọ́ ni, àmọ́ awakọ̀ tó na ọwọ́ láti tì í, tó sì gbàgbé ọkọ̀ tó ń wà, ti rìn sẹ́nu ewu.

Nítorí náà, kí àwọn iléeṣẹ́ kọ iye ipá tí ilẹ̀kùn àti ìkọ́ gbọ́dọ̀ lè gbà sínú ìwé ìtọ́ni wọn. Kí àwọn olùdámọ̀ràn EAA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kan bàálù, tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́, gbé rúlà lé etí páànù kí wọ́n tó kun ọ̀dà. Kí ẹni tó kàn án náà fi òṣùwọ̀n fa igun kọ̀ọ̀kan síta nígbà tí bàálù bá ti dúró lórí táyà rẹ̀, kó sì kọ iye tó rí sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀.