Bí Ojú Mọ́nítọ̀ Bá Ṣókùnkùn, Ẹ Má Tíì Sin Bọ́ọ̀dù

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé páálí kékeré kan wá bá mi nílé wa ní Àgùdà, Sùúrùlérè. Raspberry Pi 4 rẹ̀ ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju káàdì ATM lọ, èyí tó fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá níléèwé.

"Àǹtí mi, ó ti kú."

Mo béèrè ohun tó pa á. Ó ní òun so ó mọ́ mọ́nítọ̀, ojú mọ́nítọ̀ sì dúdú bíi kóró iṣin. Ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe, ẹni yẹn sì ti ní kó lọ mú ₦20,000 wá kí òun fi iná gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì ara bọ́ọ̀dù, kí òun tún un jó. Mo ní kó jókòó ná. Orúkọ Sùúrùlérè tí àdúgbò wa ń jẹ́, ẹnu lásán la fi ń pè é.

Mo ki Pi náà bọ iná. Iná pupa bíńtín tàn ní etí rẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣẹ́jú, ó dúró, ó tún ṣẹ́jú. Òkú kì í ṣẹ́jú. Mo so kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn, mo ní sùúrù díẹ̀, mo wá tẹ Caps Lock: iná orí kíbọ́ọ̀dù tàn. Mo tún tẹ̀ ẹ́, iná náà kú. Bọ́ọ̀dù tó ń gbọ́ràn nìyẹn o, ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ dáná sun.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mọ́nítọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kó tó lè lanu, iná gbọ́dọ̀ tó, káàdì microSD tí Pi ti ń gbéra gbọ́dọ̀ ṣeé kà, wáyà gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó. Bọ́ọ̀dù la máa ń dá lẹ́bi nítorí òun la ò mọ ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́jọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2012 tí wọ́n gbé Raspberry Pi jáde láti Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dọ́là 35 ni wọ́n tà á, kí ọmọdé lè fi kọ́ṣẹ́ láìbẹ̀rù pé ó lè bàjẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ ṣẹ́ dọ́là sí náírà òní, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì jẹ́ ohun tí ọmọdé ń fi ṣeré.

Ṣájà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bátìrì wà nínú fóònù; bí ṣájà bá ń ṣe ségesège, bátìrì á bò ó láṣìírí. Pi kò ní irú aláàánú bẹ́ẹ̀. Fóòtì 5 ni gbogbo wọn ń mu, ṣùgbọ́n Pi 3 ń fẹ́ ámpù 2.5, Pi 4 ń fẹ́ ámpù 3, Pi 5 tó dé ní 2023 sì ń fẹ́ ámpù 5 bí yóò bá yó. Bí iná tó ń dé ọ̀dọ̀ Pi 3 tàbí Pi 4 bá relẹ̀ ju fóòtì 4.63 lọ, iná pupa rẹ̀ á máa kú, á máa jí. Ṣájà tí ẹ rà lójú fèrèsé mọ́tò nínú gosiló lè kọ ámpù 3 sára, kó má ní ìdajì rẹ̀ nínú. Wáyà gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń jẹ iná lójú ọ̀nà. Ẹ lọ yá ṣájà gidi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Bí iná pupa bá dúró gbọin tí ti ewé kò sì ṣẹ́jú rárá, ọ̀rọ̀ ti di ti káàdì. Ní Àgùdà wa yìí, iná lè lọ nígbà tí Pi ń kọ nǹkan sórí káàdì lọ́wọ́. Kí ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀, káàdì ti dàrú. Bí Pi 3 kò bá rí nǹkan kà lórí káàdì, kò ní fi ohunkóhun hàn yín. Pi 5 ṣe é dáadáa jù bẹ́ẹ̀: ẹ yọ káàdì kúrò, ẹ tàn án, bí ó bá kọ ọ̀rọ̀ sójú mọ́nítọ̀ pé òun ń wá ibi tí òun yóò ti gbéra, ara bọ́ọ̀dù le, wáyà sì dára. Kí ẹ tún káàdì kọ ló kù. Raspberry Pi Imager, tí àwọn tó ṣe Pi ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ló ń ṣe é. Ẹ rántí pé káàdì àtijọ́ tí wọ́n kọ kí Pi 4 tó jáde lóṣù Kẹfà ọdún 2019 kò lè jí i.

Ó ku wáyà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú ọmọ wa. Ihò HDMI méjì kéékèèké ni Pi 4 ní. Èyí tó súnmọ́ ibi tí iná ń gbà wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ọmọ náà mọ èyí. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ni mọ́nítọ̀ rẹ̀, ihò VGA aláwọ̀ búlúù nìkan ló ní, ó sì lọ ra wáyà olórí méjì, HDMI níhìn-ín, VGA lọ́hùn-ún. Èdè àwọn méjèèjì kò dọ́gba: òǹkà ni HDMI ń fi ránṣẹ́, ìgbì iná tó ń lọ sókè sódò ni VGA ń gbọ́. Wọn ò lè bára wọn sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń yí ọ̀kan sí èkejì. Wáyà tiẹ̀ kò ní in. Bàbà àti rọ́bà lásán ni.

N kò sọ pé bọ́ọ̀dù kì í kú o. Ẹni tó bá fi fóòtì 5 kan àwọn ẹsẹ̀ GPIO rẹ̀ tí kò gbà ju fóòtì 3.3 lọ lè pa á ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí ṣájà gidi bá wà lára rẹ̀ tí iná kankan kò tàn, tàbí tó gbóná janjan lójú ẹsẹ̀, ẹ lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mo yá wáyà HDMI tí orí rẹ̀ bá ihò kékeré náà mu lọ́wọ́ aládùúgbò. Ìyá mi ń wo fíìmù ní pálọ̀. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo so Pi mọ́ tẹlifíṣàn, mo fi rìmóòtù yí i sí HDMI 2. Gbogbo nǹkan yọ kedere, ọmọ fò sókè, ó dì mọ́ mi.

Ìyá mi wo ọmọ náà, wọ́n wo èmi. "Ẹ ti rí i báyìí. Ẹ dá fíìmù mi padà."