Kí ni anévrisme?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan tó ń ta aṣọ ní Treichville gbé ìwé ilé ìwòsàn wá bá mi lálẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni orí fọ́ àbúrò rẹ̀ lójijì nígbà tó ń wẹ̀. Ó bì, ó dákú. “Ọmọ mi, ìwọ tó ń kọ́ nípa èdè, kí ni wọ́n ń pè ní anévrisme?” Àwọn ẹbí ti ń wá àyè fún un nínú bọ́ọ̀sì Ejigbo.

Dókítà kọ́ ni mí, àmọ́ mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Èdè Gíríìkì ni, ohun tó fẹ̀ ló túmọ̀ sí. Ẹ rántí túùbù kẹ̀kẹ́ tó ti fẹ́lẹ́ lójú kan: bí a bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ojú ibẹ̀ á wú yọ. Bẹ́ẹ̀ ni òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ṣe máa ń wú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé e kiri láìmọ̀, kò sì ní bẹ́ títí ayé wọn. Bó bá bẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń tú sínú agbárí. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá ń dá kún un. Àwọn tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde lè ní ju ẹyọ kan lọ, láti ìgbà ọ̀dọ́. Èyí tí kòkòrò àrùn láti inú ọkàn ń fà ṣọ̀wọ́n gan-an.

Tẹ́lẹ̀, àfi kí wọ́n la agbárí, kí wọ́n fi irin kékeré há ọrùn ibi tó wú. Lọ́dún 1990 ni Guido Guglielmi, dókítà ará Ítálì, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Los Angeles bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà mìíràn. Wọ́n á ti rọ́bà tín-ín-rín gba òpó ẹ̀jẹ̀ itan tàbí ọrùn ọwọ́ dé ọpọlọ, wọ́n á máa wò ó lójú ẹ̀rọ X-ray. Wọ́n á wá ká wáyà platinum rírọ̀ sínú ibi tó wú títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní ráyè wọ ibẹ̀ mọ́. Bí ọrùn rẹ̀ bá fẹ̀ jù, wọ́n lè fi àwọ̀n onírin kékeré dì í mú. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2002 wo àwọn aláìsàn 2,143 tí ọ̀nà méjèèjì bá mu. Lẹ́yìn ọdún kan, nínú 100 tí wọ́n la agbárí fún, bíi 31 ló kú tàbí tí kò lè dá ṣe nǹkan. Ti oníwáyà jẹ́ bíi 24.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ń ṣe é, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ńkọ́? Ẹnubodè mẹ́rin ló wà lọ́nà Ejigbo, wákàtí 24 àkọ́kọ́ ni ibi tó bẹ́ sì máa ń fẹ́ tún bẹ́ jù. Bí orí bá fọ́ èèyàn lójijì bí ẹni pé wọ́n ju òkúta lù ú, tí ọrùn rẹ̀ le, ẹ má fún un ní aspirin. Ẹ pe SAMU, 185.

Mo kọ ìbéèrè mẹ́ta fún màmá láti bi dókítà: níbo ló ti wú, ṣé ọ̀nà oníwáyà bá a mu, ta ló lè ṣe é, ní èló sẹ̀fà. (Ẹ ò rí i, mẹ́rin ni.) Bọ́ọ̀sì ti lọ láìsí àbúrò rẹ̀. Bàbá àgbà ilé wọn ṣì ń bínú sí mi.