Igbó Ọba Kì í Ṣe Ilẹ̀ Òfìfo

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Mowe tàbí Ibafo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ti fojú ara rẹ̀ rí bí igbó ṣe ń kú. Kì í kú lọ́jọ́ kan. Wọ́n á kọ́kọ́ na okùn, wọ́n á ri òpó mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹnì kan á fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ilẹ̀ ẹbí Lágbájá nìyí. Lẹ́yìn náà ni katapílà á dé. Ibi tí ìyá àgbà ti ń já ewé lánàá, ẹsitéètì ni lónìí. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ilẹ̀ ẹbí ni, ẹbí ló tà á. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí àwọn tó wà lórí àlééfà máa fi ojú kan náà wo igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀.

Igbó Omo wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, lápá Ìjẹ̀bú. Láti 1925 ni ìjọba ti yà á sọ́tọ̀, ó sì fẹ̀ ju 130,000 hẹ́kítà lọ. Ní 1946, wọ́n fa 460 hẹ́kítà yọ nínú rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi àdá kàn án. Ní 1977, UNESCO kà á mọ́ àwọn ibi àdáyébá tí wọ́n ń pè ní Biosphere Reserve. Erin ṣì wà níbẹ̀ dòní: erin igbó, tí etí rẹ̀ rí roboto, tí eyín rẹ̀ sì nà gbọọrọ sísàlẹ̀. Á jẹ èso òro, èyí tí a fi ń se ọbẹ̀ ààpọ̀n, á rìn lọ, á sì yàgbẹ́ rẹ̀ síbòmíràn. Bó ṣe ń gbin igbó nìyẹn, láìgba owó oṣù.

Ta wá ni ń jẹ igbó náà? Ẹ̀rọ agégi àti oko kòkó ni. Àgbẹ̀ tó wọ ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá wa, àìríná-àìrílò ló lé e wọlé, ó sì yẹ kí wọ́n fún un nílẹ̀ síbòmíràn kí wọ́n tó lé e jáde. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó gẹdú kọjá lóru, tálákà wo ló ni ín?

Ewu mìíràn tún wà nínú òfin. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ohun tí gègé kan bá kọ, gègé mìíràn lè pa á rẹ́. Ní January 2016, ìjọba Gómìnà Ben Ayade ní Cross River kéde pé òun gba ilẹ̀ kìlómítà mẹ́wàá lọ́tùn-ún, mẹ́wàá lósì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ńlá tó fẹ́ là. Àwọn ará Ekuri, tí wọ́n ti ń ṣọ́ igbó wọn tipẹ́, yarí. Ariwo pọ̀ títí ìjọba fi dín ilẹ̀ náà kù. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, Ààrẹ Trump gé nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára Bears Ears, ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ níbẹ̀, ní December 2017. Ààrẹ Biden dá a padà ní 2021. Bí gègé bá lè ṣe báyìí níbi tí òfin ti rinlẹ̀, tiwa ń kọ́?

Ohun tí mò ń fẹ́ kò le. Kí gómìnà kankan má lè yọ ẹyọ pílọ́ọ̀tì kan kúrò nínú igbó ọba láìjẹ́ pé Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ wa l'Ókè-Mosàn jókòó lé e ní gbangba, tí wọ́n sì pe àwọn ará abúlé wá sọ tẹnu wọn.

Ìdìbò ń bọ̀. Wọn yóò gbé ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè wá sí Owódé fún àwa tí a ni ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ Igbó Omo. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá dákẹ́, fìrí náà gan-an ni àwọn ọmọ wa kò ní rí.